Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Inú igbó Gàbọ́ọ̀nù, ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ni igi kékeré tí wọ́n ń pè ní iboga ti ń hù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ti ń jẹ èèpo gbòǹgbò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn wọlé sínú awo, lábẹ́ ìṣọ́ àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ a máa rí ìran fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ní ọdún 1962, Howard Lotsof, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí heroin ti di bárakú fún, lo ibogaine, èròjà inú gbòǹgbò náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, òùngbẹ heroin kò gbẹ ẹ́ mọ́. Síbẹ̀, òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1970 to ibogaine mọ́ àwọn oògùn olóró tí kò wúlò fún ìwòsàn. Ìwádìí gidi wo ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá ẹjọ́ yìí?

Àwọn alátìlẹ́yìn òfin náà ní ààbò ará ìlú ni àwọn ń wá. Òótọ́ ni pé ewu wà: ibogaine lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, ó sì ti pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ewu náà gan-an ni ó yẹ kó mú kí dókítà sún mọ́ ọn. Òfin kò dá àwọn tí ara ń ni dúró. Mẹ́síkò ni wọ́n ń gbà lọ.

Ibẹ̀ ni 30 ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, tí ọpọlọ gbogbo wọn ti fara gbá rí, ti gba ìtọ́jú tí Yunifásítì Stanford jábọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2024. Wọ́n fún wọn ní magnesium láti dáàbò bo ọkàn wọn, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dà rú gidigidi. Lẹ́yìn oṣù kan, àmì àrùn ìpayà dín kù lára wọn ní ìpín 88 nínú ọgọ́rùn-ún, ìsoríkọ́ sì dín kù ní ìpín 87.

Ènìyàn 30 kéré, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé. Nítorí náà ni ìwádìí ńlá fi pọn dandan. Ọpọlọ tí ìpayà tàbí bárakú ti là ojú ọ̀nà kan ṣoṣo fún a máa tọ̀ ọ́ ṣáá. Ìwádìí lára ẹranko sì fi hàn pé irú èròjà tí ń mú ni rí ìran báyìí lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yọ ẹ̀ka tuntun, kí ọ̀nà mìíràn lè là.

Ní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Texas ya 50 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ìwádìí ibogaine. Kí ìjọba àpapọ̀ náà tú okùn tí ó fi so ọwọ́ àwọn onímọ̀. Bí èrè bá sì dé, kí wọ́n má gbàgbé Gàbọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó fi igbó han ọdẹ kò yẹ kó pàdánù ìpín tirẹ̀ nínú ẹran.