Kí Babaláwo àti Apòògùn Jọ Tọ́jú Alátọ̀gbẹ



Àwọn baba wa mọ àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: àtọ̀gbẹ. “Tọ̀” àti “gbẹ” ló so pọ̀ nínú rẹ̀, kí ènìyàn máa tọ̀ títí ara yóò fi gbẹ. Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn nìkan ló sọ. Kò sọ ohun tí ṣúgà ń fi ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ṣe bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.

Ní ìlú Awo níbí, àti jákèjádò Ẹgbẹ́dọrẹ títí dé Ẹdẹ, bí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá kọ̀ tí kò jinná, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ó fẹsẹ̀ tẹ oògùn. Wọn á gbé e wá kí a bá wọn wádìí ọ̀tá. Èmi kò sọ pé ènìyàn kò lè ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, a máa ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́, a sì máa dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Ìṣó á gún ènìyàn, kò ní mọ̀. Bàtà á bó o, kò ní mọ̀. Nígbà tí òórùn bá fi jáde, ó lè jẹ́ pé gígé ló kù. Babaláwo tó gba ẹran ètùtù lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láì béèrè ìgbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà wà.

Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni UNIOSUN wà ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti odidi ọjọ́ kan ni. Apòògùn ló rọrùn láti rí ju dókítà lọ. Ó lè gún ìka, kí ó ka iye ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ó yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò, kí ó sì tètè lé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Òun náà ló ń mọ̀ pé Ìyá kò wá ra oògùn oṣù tó kọjá. (Oníkẹ́míìsì àdúgbò kọ́ ni mo ń wí o, òfin kò fún un láyè láti ta irú oògùn wọ̀nyí.)

Ẹ̀yin tó ń sọ pé oògùn òyìnbó kò bá Ọ̀sanyìn tan, ẹ gbọ́: ewé kan tí àwọn ará Yúróòpù ń lò, Galega officinalis, ni ìmọ̀ tó bí metformin ti wá. Jean Sterne, dókítà ará Faransé, ló tẹ ìròyìn ìlò rẹ̀ fún alátọ̀gbẹ jáde ní 1957. Ìwádìí lára ẹranko ti fi hàn pé ejìnrìn àti ewúro tiwa náà ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ewu fi wà níbẹ̀. Ẹni tó mu àgbo ejìnrìn lé glibenclamide, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70. Á làágùn, á máa gbọ̀n, á máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè dákú. Ilé á ní ayé ti mú un, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà tí a pò mọ́ omi ni ì bá mu kí ó tó di pé kò lè gbé nǹkan mì mọ́.

Ẹ̀yin apòògùn, bí ẹ bá béèrè pé “oògùn wo lẹ ń lò?”, aláìsàn kò ní dárúkọ àgbo, nítorí lẹ́nu rẹ̀, níwájú yín, oògùn kọ́ ni àgbo. Ẹ béèrè pé, “Kí lẹ ń mu láràárọ̀?” Ẹ má sì fi ojú ẹ̀gàn béèrè, wọn á fi pamọ́ ni. Àwa awo náà, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ewé tí a fún aláìsàn sínú ìwé, kí ó mú un lọ bá apòògùn, kí a má sì ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni láé pé kí ó jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ insulin.

Mo dábàá pé kí a pe apòògùn kan láti Ẹdẹ tàbí Òṣogbo sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò kí oúnjẹ tó délẹ̀, kí oníkálukú sì bọ́ bàtà fún un. Èmi ni n ó kọ́kọ́ na ìka.