Bíà Kíkan Àwọn Ará Berlin àti Àwọn Apọntí Ilẹ̀ Wa

Bí ẹmu bá ti kan ní ilẹ̀ wa, a mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá bù ú fún àlejò, àbùkù ni ó fi kan onítọ̀hún. Nínú Bíbélì Yorùbá pàápàá, ọtí kíkan ni a pe ohun tí àwọn ọmọ ogun fi fún Jésù lórí àgbélébùú, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ṣe é lálejò. Nítorí náà, bí a bá wí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ìlú ńlá kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí àwọn apọntí ibẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bíà wọn kan, tí àwọn ará ìlú sì ń fi í yangàn, ẹ lè rò pé àwàdà ni a ń ṣe.

Kì í ṣe àwàdà. Berlin ni ìlú náà, Berliner Weisse sì ni orúkọ bíà náà. Àlìkámà àti ọkà báálì ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Bí ìwúkàrà ti ń sọ adùn inú ọkà di ọtí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín mìíràn tí ojú lásán kò lè rí ń sọ díẹ̀ nínú adùn náà di ekan. Agbára ọtí inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti bíà tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa ń lọ sí 5. Àwọn ará Berlin a bù ú sínú ife ẹlẹ́nu gbòòrò, wọ́n a da omi èso aládùn lé e, wọ́n a sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fà á mu. Wọ́n a máa pìtàn pé àwọn ọmọ ogun Napoleon, nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, pè é ní Ṣanpéènì ti Àríwá.

Ṣùgbọ́n bíà mìíràn dé, èyí tí ó mọ́ bí wúrà, tí a ń mu ní tútù, tí kò sì kan rárá. Àwọn ará Berlin fúnra wọn sì kẹ̀yìn sí ti baba wọn. Àwọn ilé-ìpọntí tí ó ń pọn bíà kíkan náà kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni ó kù. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gose, tí àwọn ará Leipzig fẹ́ràn, tí wọ́n ń fi iyọ̀ àti irúgbìn kọriáńdà sí, rí ìyà ju èyí lọ: ní 1966 ni ẹni tí ó ń pọn ọ́n kẹ́yìn ní Leipzig ṣíwọ́, ó sì di ohun ìgbàgbé. Ogún ọdún kọjá kí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lothar Goldhahn tó tún ilé-ọtí àtijọ́ kan ṣí ní ìlú náà ní 1986, tí ó wá ẹni tí yóò bá a pọn Gose. Ta ni ó rí? Àwọn tí ó ń pọn bíà kíkan ní Berlin ni. Àwọn nìkan ni ọwọ́ wọn ṣì mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ni ó gba ọtí wọ̀nyí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ olówó gọbọi. Ẹnì kan níhìn-ín, ẹnì kan lọ́hùn-ún, tí kò tijú ohun tí ìran rẹ̀ ń mu ni. Lẹ́yìn 2010, obìnrin kan, Ulrike Genz, dá ilé-ìpọntí kékeré tí ń jẹ́ Schneeeule sílẹ̀ ní Berlin láti máa pọn Berliner Weisse bí àwọn àgbà ti ń pọn ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gbóná jù. Àwọn apọntí kéékèèké ibẹ̀ dìrọ̀ mọ́ bíà kíkan yìí, a kò sì rò pé ìfẹ́ ilẹ̀ Jámánì ni ó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Bíà aláwọ̀ wúrà ń fẹ́ òtútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó ṣeé mu. Òtútù sì jẹ́ owó iná. Bíà kíkan kì í jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n a gbé omi ọkà kalẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n a da ohun tí ń mú nǹkan kan sí i, ní ọjọ́ kan tàbí méjì ó ti kan. Wọ́n a tún sè é, kí ohun tí ó mú un kan lè kú, kí ó má baà ran àwọn ohun èlò yòókù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n a tó fi ìwúkàrà sí i. Kò fẹ́ òdòdó kíkorò tí a ń pè ní họ́ọ̀pù púpọ̀, nítorí họ́ọ̀pù kì í jẹ́ kí nǹkan kan bí ó ti yẹ. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ ni pé ekan rẹ̀ gba èso mọ́ra. Ní Florida, níbi tí ilẹ̀ ti móoru bí tiwa, góbà àti àwọn èso ilẹ̀ gbígbóná mìíràn ni wọ́n ń rọ sí i, títí ó fi di pé àwọn kan ń pè é ní Florida Weisse.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni a ó kọ́ ní bí a ti ń mú ọkà kan? Ìyá tí ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sẹ́ ẹ, tí ó sì fi omidùn sílẹ̀ lórí ògì, iṣẹ́ apọntí Berlin ni ó ń ṣe láìmọ̀. Ní 1970 ni Ọ̀mọ̀wé I. A. Akinrele, ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀ṣọ́dì, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àgbàdo ògì ti ń kan, ó sì fi hàn pé ẹbí tí a mọ̀ sí Lactobacillus wà nídìí rẹ̀. Ẹbí yìí kan náà ni ó ń mú bíà Berlin kan.

A sì ní ọtí tiwa pẹ̀lú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni a ń wí, tí àwọn obìnrin wa ń fi àgbàdo tí a mú hù pọn. Ọmọ ilé-ìwé mélòó ni ó ti tọ́ ọ wò lónìí? Mélòó ni ó tilẹ̀ lè sọ bí a ti ń pọn ọ́n? Àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà gbé e lọ́wọ́ lọ. Títí di òní ni àwọn ọmọ Lùkùmí ń fi àgbàdo àti ọsàn kíkan ṣe é níbi ọdún òrìṣà, tí wọ́n ń pè é ní chequeté. Ó dùn wá láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè rọrùn láti rí i ní Havana ju ní Ìbàdàn lọ.

Nítorí náà, àwa kò wí pé kí àwọn apọntí kéékèèké tí ó ń yọjú ní Èkó àti ní Àbújá máa pọn Berliner Weisse. Orúkọ Berlin, ti Berlin ni. Ní ilẹ̀ Jámánì, bíà tí a bá pọn nínú ìlú náà nìkan ni ó lè jẹ́ ẹ. Àlìkámà tí wọn yóò fi pọn ọ́n pàápàá, òkèèrè ni a ti ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí wọ́n wo ohun tí àwọn ará Florida ṣe, kí wọ́n sì fi ọkà bàbà àti àgbàdo ṣe é. Ní 1988, nígbà tí ìjọba ológun fi òfin de kíkó ọkà báálì wọ̀lú, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-ìpọntí ńlá yíjú sí, bíà kò sì tán ní ìlú. Bí òfin náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tó, wọn kò kọ ọkà bàbà sílẹ̀. Ohun tí a fi tipátipá kọ́ nígbà náà, ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ ṣe é nísinsìnyí.

Ti èso kò tilẹ̀ ṣòro. Àgbálùmọ̀ ń bẹ, tí ó kan tí ó sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé nítorí ọtí yìí ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ìyeyè ń bẹ. Awin ń bẹ. Ìṣápá pupa tí àwọn Hausa fi ń ṣe sobo ń bẹ. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo èso kajú: wọ́n a ṣẹ́ kóró rẹ̀ tà fún àwọn tí ń kó o lọ sí òkèèrè, púpọ̀ nínú ẹran rẹ̀ tí ó kún fún omi a sì jẹrà sábẹ́ igi. Bí a bá jókòó tẹtẹrẹ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ra bíà àgbálùmọ̀ nínú agolo tí ó ti òkè òkun wá, owó gegere ni a ó sì san lé e.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa kì í mu ọtí, nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìmọ̀ràn ara wọn. A kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń mu ún kò ní tìtorí èyí ṣíwọ́, ó sì sàn kí wọ́n mu èyí tí agbára rẹ̀ kò pọ̀. A kò sì gbàgbé Òde-Ìrèlè. Ní 2015, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé májèlé mẹ́táánọ́ọ̀lù inú ògógóró ni. Ìjọba fi òfin de ògógóró ní ọdún náà. Ọtí tí a sè, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a kò sì ṣe bí a ti ń ṣe ògógóró, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí rárá, síbẹ̀ ẹ̀rù tí ó ba ará ìlú kò lè tán bí apọntí kò bá ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kí àwọn NAFDAC lọ bá àwọn obìnrin tí ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìmọ́tótó àti bí a ti ń wọn ekan, kí iye owó ìforúkọsílẹ̀ wọn má sì ṣe bá ti ilé-iṣẹ́ ńlá dọ́gba.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà ní ipa nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì kò nílò oògùn inú ìgò láti òkèèrè kí ó tó fi ekan han àwọn ọmọ. Abọ́ omidùn kan àti bébà lítímọ́ọ̀sì tó. Kí ó sì rán wọn lọ bi ìyá àgbà wọn bí a ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn ìyá wọ̀nyí ń lọ.

Oṣù Kejìlá ni àgbálùmọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà, kì í sì í pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ. Kí apọntí tí ó bá fẹ́ dán èyí wò ti mú ọkà bàbà rẹ̀ hù kí ó tó dìgbà náà.