Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa náà ń dà á nù

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí máa dun àwọn kan. Kó dùn wọ́n. Àwa tá à ń kó iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti àgbàdo láti Òkè-Ògùn lọ sí Bódìjà àti Mile 12, ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń ráhùn pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè tán. Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi wọ́n fún kì í fi kẹ́ẹ̀gì tó lu pọn ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì wa lu, gbogbo wa la rí i, a ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onígò. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á dúró sí gáréèjì pẹ̀lú ìgò kékeré lọ́wọ́, wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti da ìdérí kan sínú táńkì, dísẹ́ẹ̀lì tó ń gbé yín dé Ìbàdàn á gbé yín dé Èkó. Mo ti rà á rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rà á, kí n má parọ́. Ọkọ̀ ò yàtọ̀, àpò mi ló yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ìyẹn EPA, ti yẹ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín epo mọ́tò kù. Wọn ò rí èyí tó dín in kù débi tó yẹ kéèyàn náwó lé. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò fúnra yín: àwọn tó ń ṣe mọ́tò, tí wọ́n ń wá oníbàárà kárí ayé, ṣé wọ́n á rí oògùn tó ń dín epo kù sí ìlàjì kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọmọkùnrin tó ń gbé báàgì kiri gáréèjì?

Níbo wá ni dísẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti tẹmosítáàtì. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ń gbóná lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ni pé wọ́n á yọ tẹmosítáàtì, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ní nǹkan òyìnbó ni, òtútù ìlú wọn ni wọ́n ṣe é fún, kò wúlò nílẹ̀ olóoru. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣe lẹ kàn yọ ilẹ̀kùn ilé nítorí pé ooru mú yín. Tẹmosítáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń pinnu ìgbà tí omi máa lọ tutù nínú rèdíétọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á tì. Tí omi bá ti gbóná tó ìwọ̀n 80 sí 90, á ṣí. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ooru atẹ́gùn tí písítìnì ki mọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí dísẹ́ẹ̀lì gbiná. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá tutù láti àárọ̀ dalẹ́, dísẹ́ẹ̀lì ò ní jó tán dáadáa, ọ́ìlì á ki, agbára tó yẹ kó fi fa ẹrù yín, ara rẹ̀ ló máa fi ń bá jà. Dẹ́rẹ́bà á wo gééjì, á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ sùn sísàlẹ̀, inú rẹ̀ á dùn pé ọkọ̀ òun kì í gbóná. Kì í gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu.

Ọkọ̀ tó bá ń gbóná ní ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ rèdíétọ̀ tó dí, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì fáànù tó ti ń yọ̀, ó lè jẹ́ ìdérí rèdíétọ̀ tí kò dè mọ́, ó lè jẹ́ omi kànga tá a ti ń dà sí i láti ọdún gbọọrọ tí ìpẹtà fi dí gbogbo ojú ihò. Ẹni tó yọ tẹmosítáàtì kò wo ọ̀kankan nínú wọn sàn, ó kàn fi aṣọ bo egbò ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ rèdíétọ̀, kí wọ́n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ ra tẹmosítáàtì tuntun tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi dá a padà síbẹ̀. Àwọn míì tún wà tó ń lẹ fáànù pọ̀ kó lè máa yí láìsinmi. Agbára ẹ́ńjìnnì náà ni fáànù yẹn ń jẹ o, kò sóhun tó ń yí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ fíríì ló kàn, ìyẹn sì kọjá ọ̀rọ̀ owó. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti dẹ́rẹ́bà tó kó ẹ̀lùbọ́ wa lọ sí Adó-Èkìtì. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Bí ọkọ̀ ṣe dorí kodò báyìí, ó fa jíà sí fíríì. Mo ní, "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì yín ni mò ń bá yín tọ́jú." Àpò ẹ̀lùbọ́ ń tì wá lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí bíréèkì. Ká tó dé ìsàlẹ̀, òórùn bíréèkì tó ń jó ti gba inú ọkọ̀ kan. Ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn, ó tẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ẹ̀ gbà mọ́. Ọlọ́run ló ní ká má lọ. Nígbà tá a dúró, a bọ́ sílẹ̀, a ò lè bára wa sọ̀rọ̀.

Ohun tó dùn mí nígbà tí ara mi balẹ̀ ni pé kò tọ́jú ẹyọ ìkán dísẹ́ẹ̀lì kan. Tí ọkọ̀ bá wà nínú jíà nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tótù, taya ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù á dá dísẹ́ẹ̀lì dúró, kò ní fún un ní nǹkan kan àfi tí eré ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀ débi tó fẹ́ kú. Bí 911 àtijọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ayé ìsinyìí. Fíríì ńkọ́? Ní fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa mu dísẹ́ẹ̀lì kó má bàa kú. Tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fi sí fíríì ń sanwó kún un kó lè sọ ọkọ̀ di ẹran tí kò ní okùn lọ́rùn. Ẹ fi jíà tó kéré sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó bá ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ níléeṣẹ́ àwọn, ẹ kó ẹrù yín sílẹ̀.

Àwọn ìyá ọlọ́jà á ní, "Ọjà kì í dúró deni, ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà sáré." Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 127. Ọkọ̀ tó bá ń sá 80 láìdúró á gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35. Èyí tó ń sá 100 á gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 16. Ìṣẹ́jú 19 péré lẹ jèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ti ọkọ̀ padà kì í bá eré pọ̀ lọ́gbọọgba. Eré fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, afẹ́fẹ́ fi ju ìlàjì lọ lé sí i, dísẹ́ẹ̀lì ló sì máa san án. Ìṣẹ́jú 19! Dúnàádúrà tẹ́ ẹ máa bá àwọn alábàárù ṣe tẹ́ ẹ bá dé Mile 12 jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dẹ́rẹ́bà tó ń sá eré àsápajúdé tó wá ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà tó bá rí ìdí ọkọ̀ níwájú, dísẹ́ẹ̀lì tó ti jó tán ló tún fi ń jó bíréèkì.

Ibi tí àkókò ti ń sọnù gan-an ni ibi ìkẹ́rù. Ọkọ̀ á dé láago mẹ́fà àárọ̀, iṣu ṣì wà lóko. Wọ́n á wá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa hó títí wọ́n á fi kó o tán. Ọkọ̀ ńlá tó dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè mu tó lítà mẹ́ta ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá bi dẹ́rẹ́bà pé kí ló dé tí kò pa á, á ní bátìrì ò dáa, tó bá kú, à fi ká tì í. Ó lóṣù mélòó tí bátìrì ò ti dáa? Ẹ ka iye lítà tó ti fi hó láti ìgbà yẹn, ẹ wò ó bóyá kò tó owó bátìrì.

Ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀, àwa tá a ni ẹrù. Àwa la máa ń ní "ẹ fi ìwọ̀nba yìí kún un." A ó to iṣu kọjá orí bọ́dì, á ga ju orí dẹ́rẹ́bà lọ, á dúró bí ògiri kí afẹ́fẹ́ máa gbá a. Tápólì tí wọn ò so dáadáa á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá láti Ìsẹ́yìn dé Èkó. Kí ẹrù tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ga ju orí ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, kẹ́ ẹ fa tápólì le.

Taya ńkọ́? Fọkanáísà á fẹsẹ̀ gbá a, á ní "ó wà ńbẹ̀." Ta ló fi ẹsẹ̀ ka gééjì rí? Taya tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù, á máa gbóná, ọkọ̀ á máa wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ra gééjì tiyín. Àárọ̀ tí taya ṣì tutù ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí tó bá ti sáré, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, gééjì á ga, ẹni tí kò mọ̀ á sì tú u dànù.

Fíltà atẹ́gùn náà, ní pàtàkì lásìkò ọyẹ́ tí erùpẹ̀ pupa bá bo gbogbo ọ̀nà oko wa. Fíltà tó dí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Ẹni tó yọ ọ́ kúrò pátápátá sì ti ń fi yanrìn họ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé èéfín dúdú ni agbára ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán ni èéfín dúdú, owó yín ló ń gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sójú sánmà. Nósù, pọ́ǹpù, páìpù tọ́bò tó la, fíltà: ọ̀kan nínú wọn ń bẹ ìtọ́jú.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ pé mi ò parọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ rọ táńkì dé ẹnu níléepo kan kẹ́ ẹ tó gbéra, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Tẹ́ ẹ bá padà dé, iléepo yẹn náà, ẹ rọ ọ́ dé ẹnu padà. Iye lítà tó gbà lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ mu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ìwọ̀n ẹrù náà sí i. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà, kẹ́ ẹ lè rí ohun tẹ́ ẹ máa fi wé e.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ti wọlé, mo sì mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ kan ò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí. Ẹni tẹ́ ẹ fún lówó dísẹ́ẹ̀lì, tí kò ní jẹ kọ́bọ̀ tó bá tọ́jú rẹ̀, kí ni yóò torí ẹ̀ rọra wakọ̀? Ẹ ní kó tẹ̀ jẹ́jẹ́, kó pẹ́ lọ́nà, kó má rí nǹkan kan gbà. Ìdí nìyí tí àwọn míì fi ń fa dísẹ́ẹ̀lì sínú kẹ́ẹ̀gì lóru. Mi ò gbè wọ́n o, olè ni olè ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ká sọ pé àlọ àti àbọ̀ máa ń mu lítà 120, tó wá lò 104 pẹ̀lú ìwọ̀n ẹrù kan náà. Lítà 16 ló ṣẹ́kù. Ẹ fún un lówó mẹ́jọ, kẹ́ ẹ mú mẹ́jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ bá mẹkáníìkì pé kó dá tẹmosítáàtì òun padà.

Àbọ̀ tí mo dárúkọ yẹn, òun ló máa ń ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ á kó iṣu lọ, á padà lófìfo, pákó bọ́dì á máa gbá afẹ́fẹ́ láti Èkó dé Ṣakí, dísẹ́ẹ̀lì á máa jó lórí asán. Àwa kan náà tún máa háyà ọkọ̀ mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e láti kó ajílẹ̀ àti símẹ́ǹtì wá. Ọkọ̀ tiwa ń lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó máa padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àyè wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní ẹrù tó fẹ́ gbé bọ̀ ní Ìsẹ́yìn, Òkèho tàbí Ṣakí, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú.