Agbaṣẹ́ṣe Òkèèrè, Agbaṣẹ́ṣe Ìtòsí: Níbo Ni Tiwa Wà?

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwọn oníléeṣẹ́ ilẹ̀ yìí tí ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́tí sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún agbaṣẹ́ṣe òkèèrè, pàápàá ní Íńdíà, nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Nísinsìnyí àwọn kan ní ó sàn kí iṣẹ́ náà wá sí ìtòsí, sí Kairo tàbí Amman, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Lárúbáwá. Ìjọba pàápàá kéde ní 2021 pé láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ àjèjì tí kò bá fi olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ fún agbègbè yìí sí ilẹ̀ Sáúdí kò ní í máa rí iṣẹ́ ìjọba gbà.

Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ibùsọ̀ kọ́ ni a fi ń wọn ìtòsí. Ẹ wo aago: Jẹ́dà fi wákàtí 2 ṣíwájú Èkó, Íńdíà sì fi wákàtí 2 àbọ̀ ṣíwájú Jẹ́dà. Aago Èkó súnmọ́ tibí ju ti Íńdíà lọ. Ta ni ó ń dárúkọ Èkó?

Ẹ rántí Hajj ọdún 2022. Nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù kan, wọ́n ní kí gbogbo Mùsùlùmí Úróòpù, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà gba orí ìkànnì Motawif san owó wọn, àwọn ará wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sanwó tán, wọn kò rí físà tàbí ìjókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń tẹ fóònù, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Nígbà tí ó fi di Hajj 2023, Nusuk ti gba ipò rẹ̀. Ẹni tí wàhálà bẹ́ẹ̀ bá dé bá kò béèrè ìlú tí wọ́n ti kọ ètò náà. Ẹni tí yóò gbọ́ èdè rẹ̀, tí yóò sì tún un ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, ni ó ń wá. Ìtòsí nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa lè ṣe iṣẹ́ yìí. Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, ó ń fi àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní 2019 ó dá nǹkan bí 400 dúró ní Nàìjíríà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà. Ó ní ẹni tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Kí wá ni ọmọ tuntun yóò fi díje, bí kò bá ní ju owó pọ́ọ́kú lọ?

Àwa ní nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó ka Lárúbáwá ní Umm al-Qura, tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ilé, tí ó sì mọ ohun tí ìyá arúgbó láti Ìwó tàbí Ìlọrin ń béèrè ní Mínà, irú rẹ̀ kò pọ̀ lọ́jà. Síbẹ̀, bí ó bá padà sílé, ilé-kéwú nìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí fún un. A kò kẹ́gàn ilé-kéwú o, òun ni ó tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo wa ni yóò di múálímù?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá iṣẹ́ tí òfin kò gbà. Ìgbà tí a bá délé ni à ń wí. Ẹni tí yóò bá ibí ṣiṣẹ́ láti Èkó gbọ́dọ̀ ṣetán láti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí láti 2013 ni wọ́n ti ń fi Jímọ̀ àti Sátidé sinmi níbí. Èwo ni ìnira Mùsùlùmí nínú ìyẹn?

A dábàá pé kí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Jẹ́dà máa wá sí Mẹ́kà ní Sátidé, kí wọ́n kọ́ àwọn tí ń ka Lárúbáwá ní iṣẹ́ náà, kí àwọn náà sì kọ́ wọn ní Lárúbáwá tí a fi ń kọ̀wé sí oníléeṣẹ́. Láti 2018 ni ọkọ̀ ojúurin Haramain ti ń so ìlú méjèèjì pọ̀, ìrìn-àjò náà kò tó wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àlòkù nílé, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.