Kòkòrò Eyín Kò Gbọ́ Ti Kápúsù

Ẹni tí eyín bá ti dùn rí lóru ló mọ bí òru ṣe ń gùn tó.

Ní ọdún tó kọjá, eyín ẹ̀yìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Ilé ìtajà oògùn tó wà ní àdúgbò wa ni mo gbà lọ. Ẹni tó ń tajà kò yẹ ẹnu mi wò. Ó kó kápúsù antibáyótíìkì fún mi, ó ní kí n máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìrora náà rọlẹ̀, mo sì sọ èyí tó ṣẹ́kù sínú báàgì mi. Kò pé oṣù kan tí eyín náà tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ń dun àbúrò mi obìnrin, àjẹkù kápúsù yẹn ni mo gbé fún un, mo sì ń wo ara mi bí ẹni tó ṣoore.

Ìgbà kẹrin ni mo tó gba ilé ìwòsàn eyín lọ. Dókítà tí mo bá níbẹ̀, obìnrin àgbà kan, fi irin kékeré kan eyín náà wò, wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé inú rẹ̀ ti kú. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n ṣí eyín náà, kí wọ́n fọ inú rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì dí i, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Oògùn apàrora nìkan ni wọ́n kọ fún mi. Inú bí mi.

“Dókítà, ẹ ò kọ antibáyótíìkì sí i?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò mi, ọ̀nà wo ló máa gbà débẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn ni mo rò délé. Ẹ̀jẹ̀ ní ń gbé oògùn tí a gbé mì kiri ara, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú eyín tó ti kú mọ́. Oògùn lè bá àwọn kòkòrò tó ti jáde sí ìdí eyín jà, kí ó sì fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó fi inú eyín ṣe ibùba wà níbẹ̀ digbí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń tàn wá: a ní kòkòrò ló ń jẹ eyín, a wá gbà pé ohunkóhun tó bá ń pa kòkòrò yóò wo eyín sàn.

Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú wọlé ni àwọn ń kọ ọ́ fún. Aláìsàn tí kò bá rí i gbà máa ń rò pé wọn kò tọ́jú òun; ẹlòmíràn kò sì ní owó ìtọ́jú eyín, kápúsù ni agbára rẹ̀ ká. “Ìbẹ̀rù ló ń bá mi kọ ọ́ nígbà náà,” ni wọ́n wí. Ní ọdún 2019, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Eyín ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde pé, bí ìtọ́jú eyín bá wà ní àrọ́wọ́tó, ọ̀pọ̀ jù lọ eyín dídùn àgbàlagbà kò nílò antibáyótíìkì: kí a tọ́jú eyín náà, kí a sì fi oògùn bí ibuprofen pa ìrora.

Èyí kò sọ antibáyótíìkì di aláìwúlò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú lọ sí ọrùn, tí ibà dé, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹ sáré gba ilé ìwòsàn lọ. Níbẹ̀, antibáyótíìkì lè wà lára ohun tí yóò gba ẹ̀mí là.

Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí pẹnisilíìnì ní ọdún 1928, ti kìlọ̀ nínú àsọyé tó ṣe fún ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní ọdún 1945. Ó ní kí a fojú inú wo ọkùnrin kan tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn, tó ra oògùn náà fúnra rẹ̀, tí kò sì lò ó tó. Àwọn kòkòrò ara rẹ̀ kò kú. Wọ́n kọ́ bí wọn yóò ṣe borí oògùn. Ó kó wọn ran aya rẹ̀. Nígbà tí àìsàn aya náà le, oògùn kò ràn án mọ́, ó sì kú. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, àbúrò mi ni mo rántí. Ara rẹ̀ yá, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n mi ló yọ ọ́.

Wọ́n fọ inú eyín mi, wọ́n sì dí i. Owó tí mo san dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ eyín yẹn ni mo fi ń jẹ àgbàdo sísun lónìí. Bí dókítà eyín kò bá kọ antibáyótíìkì fún yín, ẹ má fi ìbínú jáde. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣe eyín náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Èyí tó bá sì ṣẹ́kù sínú báàgì, ẹ má gbé e fún àbúrò yín.