Owó Sàréè Kọ́ Ló Ń Sọ Wá Di Ajigbèsè

Ẹ̀yin ará wa ní òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ikú ni, àti ọ̀rọ̀ owó tí a fi ń sìnkú. Níbikíbi tí a bá ń gbé, ìbáà ṣe Sábọ́ngàrí ní Kánò, ìbáà ṣe Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, bí kánsù tàbí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ bá ti lé owó ilẹ̀ òkú díẹ̀, ariwo a sọ. Àwọn kan a ní wọ́n fẹ́ fi òkú ṣòwò. Àwọn mìíràn a ní ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a tún máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì bú wọn. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí owó sàréè tó iye tí iṣẹ́ sàréè ń jẹ gan-an. Kí ó má dín, kí ó má sì lé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ni a ń san owó náà fún? Ilẹ̀ kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹni tó ń gbẹ́ sàréè ní aya, ó sì ní ọmọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ro koríko ibẹ̀ nígbà òjò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ òkú àti nọ́ńbà sàréè sínú ìwé. Odi tó bá wó ń fẹ́ sìmẹ́ǹtì. Bí òkú bá sì wọ mọ́ṣúárì, ìnáwó mìíràn ti dé nìyẹn: oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, iná mànàmáná, àti dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí ẹni tó ń lọ sọ́jà tí kò mọ bí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti gun òkè. Ṣé sìmẹ́ǹtì ti itẹ́ òkú nìkan ni yóò wà ní iye àtijọ́ ni?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó tó ń wọlé kò bá tó iṣẹ́, iṣẹ́ náà ni yóò dín. Koríko a bo sàréè, odi a wó, ewúrẹ́ a sì máa jẹ̀ lórí baba ẹni. Èyí tó burú jù ni pé, ẹni tí a kò sanwó iṣẹ́ rẹ̀ pé yóò wá owó náà ní ibòmíràn. Yóò máa gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún lọ́wọ́. Nígbà náà, owó tí a rò pé ó kéré ti pọ̀, kò sì ní rìsíìtì.

Àwọn tí wọ́n ń fi iná sun òkú ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí jà ṣáájú wa. Kì í ṣe àṣà àwa Yorùbá láti sun òkú, ẹ̀sìn Mùsùlùmí sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin kan ní ọdún 2013 tó fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ẹni ni, kì í ṣe tipátipá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti ọdún 1902 ni wọ́n ti ní òfin lórí sísun òkú, lónìí sì nìyí, nínú òkú mẹ́rin, wọ́n ń sun ju mẹ́ta lọ. Kánsù ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣe é. Gáàsì ni iná náà ń jẹ, wọ́n sì ní láti ra ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí èéfín olóró jáde sí ìgboro. Nítorí náà owó rẹ̀ ń gòkè, ó sì ti lé ní 800 pọ́n-ùn ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ohun tí àwọn kánsù ń wí ni pé kí ẹni tó lo iṣẹ́ san owó iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n wọn kò sé ilẹ̀kùn mọ́ aláìní. Láti ọdún 2019, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ni ó ń san owó ilẹ̀ tàbí owó iná, a kì í gbà á lọ́wọ́ òbí. Bí ẹnìkan bá sì kú tí kò ní ará tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò sin ín, òfin sọ ọ́ di dandan fún kánsù láti sin ín. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: kí ẹni tó ní san iye tó pé, kí a sì ṣàánú ẹni tí kò ní. Bí a bá mú kí owó kéré fún gbogbo ènìyàn, olówó ni a ń ràn lọ́wọ́. Tálákà a sì gba sàréè tí koríko ti bò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, kí a dé Onítṣà, létí Odò Ọya kan náà tí a fi ń pe ibi tí a ń gbé yìí. Ìlú náà jọ ibùgbé wa ní ọ̀nà kan: ọjà ńlá rẹ̀ kó ènìyàn jọ láti ìlú púpọ̀, bí ikú bá sì dé, ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n ń gbé lọ sí ìlú baba wọn. Ní ìpínlẹ̀ Anambra níbẹ̀, ìnáwó òkú ti wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2019. Wọ́n ní òkú kò gbọdọ̀ ju oṣù méjì lọ ní mọ́ṣúárì. Wọ́n ní ọjọ́ kan péré ni kí ayẹyẹ ìsìnkú jẹ́. Wọ́n sì fòfin de àìsùn òkú.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe owó agbẹ́lẹ̀ ni òfin náà dojú kọ. Ibi tí owó ń gbà jò ni àwọn aṣòfin wò: ọjọ́ tí òkú fi ń sùn ní mọ́ṣúárì, ọjọ́ tí àlejò fi ń jẹ tí wọ́n fi ń mu, àti òru tí ìlù fi ń dún. Òfin kan kò lè yí àṣà padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ òfin yìí mọ ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Onítṣà yìí náà ni sàréè Nnamdi Azikiwe wà, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ẹni tí a bí sí Zungeru ní òkè Ọya níhìn-ín ní ọdún 1904. Ó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó sin ín. Ìjọba ní àwọn yóò kọ́ ilé ìrántí sórí sàréè rẹ̀. Ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ìyẹn lé ní ọdún 22 lẹ́yìn ìsìnkú, kí Ààrẹ Buhari tó ṣí ilé náà. Bí sàréè irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè dúró de owó pẹ́ tó báyìí, ta ni yóò tún ti alápatà àti ti tíṣà ṣe, bí kò bá sí owó kan tí a yà sọ́tọ̀ fún un? Ìlérí kì í ro koríko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa àlejò jù ni a dé yìí. Ibi tí iye kò bá dúró lórí ìnáwó, ẹnu akọ̀wé ni iye náà máa ń wà. Akọ̀wé a wo ojú ẹni, a gbọ́ ohùn ẹni, a mọ̀ pé ará òkèèrè ni, iye a sì yí padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò le fún àlejò ju onílé lọ, ọkọ́ kò sì mọ ọmọ Ọ̀fà yàtọ̀ sí ọmọ Kánò. Bí a bá fara mọ́ ọn pé kí owó bá iṣẹ́ dọ́gba, a lẹ́nu láti béèrè pé: ẹ ka ìnáwó náà fún wa, ẹ kọ iye rẹ̀ sára pátákó, ẹ fún wa ní rìsíìtì. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀dínwó nígbà gbogbo kò lẹ́nu láti béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí Gánà pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Èjìgbò àti ìlú Yorùbá mìíràn fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sì fi sàréè òbí wọn sílẹ̀. Ẹrù ṣeé dì, sàréè kò ṣeé dì. Bí orúkọ àti nọ́ńbà bá wà nínú ìwé, ọmọ-ọmọ lè padà wá ibẹ̀ rí lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá sí, ó parí. Owó akọ̀wé tó ń pa ìwé náà mọ́ wà nínú owó sàréè tí àwọn kan ń kùn sí.

Níbo wá ni gbèsè ti ń wá? Ẹ ka ìnáwó ìsìnkú kan láti òkè dé ilẹ̀: màlúù, aṣọ ẹbí, àga àti àtíbàbà, ọtí, olórin, ọkọ̀ àwọn àlejò. Owó sàréè ló kéré jù níbẹ̀, òun náà sì ni a ń bá ènìyàn jà lé lórí. Àwọn ará wa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àsè fídáù ọjọ́ kẹjọ ti ń sáré bá àsè àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn àgbà ní òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Alágbàpadà tó yá ènìyàn lówó ni ó mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè, a sì fẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé. Èkínní, kí owó sàréè bá ìnáwó dọ́gba, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Èkejì, kí a má gba owó lórí ọmọdé, kí ẹgbẹ́ sì ní àpò kan tí yóò san ti ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ẹ̀kẹta, kí iye náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, láìwo ìlú, láìwo ẹ̀sìn.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọ tó san owó agbẹ́lẹ̀ pé, tí kò sì yá owó ra ẹran, ó ti sin òbí rẹ̀ dáadáa. Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ ikú wa jìnnà o. Àmín.