Nítorí Ayaba Ṣébà, wọ́n gbàgbé Erédò

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Akọwọnjọ tó ń lọ sí Bìní, tó gba títì márosẹ̀ Ṣàgámù, ti la inú Erédò Ṣùngbọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n bóyá ni dẹ́rẹ́bà pàápàá mọ̀. Wọ́n gé odi náà sí méjì nígbà tí wọ́n ń ṣe títì ọ̀hún, kálukú sì ń sáré lọ.

Yàrà yìí kì í ṣe gọ́tà o. Ó tó kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, títí wọ apá Ẹ̀pẹ́ níbi tí káńsù Eredo ti gba orúkọ. Ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ! Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé góńgó odi tó mítà 20, bí ilé alájà mẹ́fà. Kò sì sí katakata nígbà náà. Ọkọ́ àti agbára apá ni. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú, òun ló di odi.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́nu aráyé ni ti Bílíkísù Ṣùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, tí wọ́n ní ó gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ní òun ni Ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì, sàréè rẹ̀ ló wà ní Òkè-Ẹ̀rì lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde tí èrò ń wọ́ lọ. Nígbà tí Patrick Darling, òyìnbó awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Bournemouth, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa Erédò lọ́dún 1999, Ṣébà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn gbé sókè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò bára mu. Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi, tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò lẹ́yìn ìgbà náà, ní ó jọ pé ìparí 1300 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1400 ni wọ́n ṣe é. Sólómọ́nì ti kú ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún ṣáájú! Àbí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba Ìjẹ̀bú fúnra wọn ò tó yangàn ni?

Ẹ wo àwọn òyìnbó ní Ìngíláàndì. Ọ̀pọ̀ yàrà àtijọ́ tiwọn ni wọ́n ti ro di pẹrẹsẹ. Ìgbà tí ọ̀dá bá mú, ọkà tó wà lórí yàrà tó ti dí á ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n á wá gbé bàálù jáde láti yà á ní fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí púpọ̀ lọ́dún 2018. Àwọ̀ ewé lásán ni wọ́n ń wá kiri o! Èyí tó ga ju ilé lọ ló wà nílẹ̀ níbí, oko ń jẹ ẹ́, ilé ń jẹ ẹ́.

Ọdún 1995 ni orúkọ Erédò ti wọ ìwé àwọn tó ń retí kí UNESCO gbà wọ́n wọlé. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ lápá Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀pẹ́, tí ọmọ onílẹ̀ ní kó fi típà yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta dí kòtò gígùn kan, kó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà abúlé náà léèrè orúkọ kòtò ọ̀hún.